Ẹ Bi Màmá Léèrè: Ọmọ wa wà látìmọ́lé lókè òkun, kí ni kọ́ńsúlù lè ṣe?

Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kọ́ńsúlù, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ìlú rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ló pọ̀ jù, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìdí tábìlì tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, aláìsàn àti òkú wá ni wọ́n sábà máa ń fi mí sí nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sá fún tábìlì náà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ìjọba wà fún.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Lárúbáwá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè mí pé ọlọ́pàá ti mú un, ó ti lé lóṣù méjì báyìí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe ilé kọ́ńsúlù Nàìjíríà, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa wá ní òun mọ kọ́ńsúlù náà, pé tí mo bá lè wá mílíọ̀nù kan ààbọ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Mo ti fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn." (Ìyá kan ní Ṣágámù)

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má ta ilẹ̀ o. Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Kò sí kọ́ńsúlù tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n ìlú onílùú lọ́wọ́. Kò lè tú ọmọ yín sílẹ̀, kò lè lọ bá adájọ́ nílé, kò lè dúró bíi lọ́yà fún un, kì í sì í bá èèyàn san owó ìtanràn. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ fún kọ́ńsúlù, jìbìtì ló fẹ́ lù yín.

Àmọ́ ẹ má rò pé kò wá sí ohun tó lè ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní Vienna lọ́dún 1963, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1967. Abala 36 nínú rẹ̀ ni ọmọ yín nílò. Ó ní bí ọlọ́pàá bá mú àlejò, kí wọ́n sọ fún un láìfi falẹ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí kọ́ńsúlù ìlú rẹ̀ gbọ́ sí i. Bó bá ní kí wọ́n sọ, dandan ni kí wọ́n sọ. Bó bá kọ lẹ́tà sí kọ́ńsúlù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́. Kọ́ńsúlù sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá wò ó, kó bá a sọ̀rọ̀, kó sì bá a ṣètò lọ́yà.

Ibi tí ẹ ti máa fọkàn sí i ni "bó bá ní kí wọ́n sọ". Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í sọ. Ìtìjú ń ṣe wọ́n; ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìròyìn á délé; àwọn mìíràn, físà wọn ti kú, wọ́n rò pé kọ́ńsúlù á tún fẹjọ́ wọn sùn. Kọ́ńsúlù kì í ṣe ọlọ́pàá ìlú náà, físà tó kú kọ́ ló ń wá kiri. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọlọ́pàá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó kọ́ńsúlù wọn létí, ì báà wu ẹni tí wọ́n mú, ì báà má wù ú. Níbi púpọ̀ mìíràn, ẹnu ọmọ yín ló kù sí. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá lè fojú kàn án, kó sọ fún un pé kó béèrè: "Ẹ sọ fún kọ́ńsúlù Nàìjíríà pé mo wà níbí." Kó sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, bí wọ́n bá sì fún un ní ìwé àti bírò, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ti pé wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òótọ́. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí a wá títí. A kọ̀wé sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n dá wa lóhùn pé kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó sì wà níbẹ̀. Orúkọ àárín tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í pè é nílé, ni wọ́n fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n wá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ bó ṣe dún létí wọn. Nígbà tí a fi nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un jáde fún wa.

Nítorí náà, ẹ má fi mọ sórí fóònù. Ẹ kọ̀wé. Ẹ kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra nínú páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, NIN rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, àti nọ́ńbà fóònù ọ̀rẹ́ tó pè yín. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè l'Ábújá, kí ẹ sì fún NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, ní tiwọn. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ tún kọ, kí ẹ dárúkọ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Fáìlì tí ẹbí ń béèrè lóòrèkóòrè kì í sùn sábẹ́ fáìlì mìíràn.

Ẹ lè máa rò ó pé kí wá ni kọ́ńsúlù ń ṣe tó bá dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èmi o, ọwọ́ àti ojú ẹni náà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá wọ́n ti lù ú. Mà á bi í pé kí ló jẹ lánàá, ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé wọ́n ń fún un. Lẹ́yìn náà ni mà á wá béèrè èyí tó ká mi lára jù: "Ìwé wo lo ti fọwọ́ sí?" Torí mo ti rí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi èdè tí wọn ò gbọ́ kọ, wọ́n rò pé ìwé ìtúsílẹ̀ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́ńsúlù á kọ̀wé béèrè ògbufọ̀, á kó orúkọ àwọn lọ́yà tó mọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí, á sì máa yọjú sílé ẹjọ́. Adájọ́ tó bá rí aṣojú ìjọba tó jókòó lẹ́yìn, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, á tún fara balẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin náà á rántí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Kano lọ ṣe úmúrà lọ́dún 2018, tí wọ́n mú ní Saudi nítorí àpò tí oògùn olóró wà nínú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àpò náà. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kano ló fi orúkọ rẹ̀ lẹ àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló yọ ọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nílé níbí, tí wọ́n fi mú àwọn tó ṣiṣẹ́ ibi náà, ni ìjọba gbé lọ síwájú àwọn ará Saudi, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2019. Ẹ̀rí ni kọ́ńsúlù lè gbé kiri. Bí ẹ bá ní ìwé kankan, ìwé iṣẹ́, risíìtì tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí wọ́n tó mú un, ẹ má pa á rẹ́.

Bí ọlọ́pàá ò bá sọ ẹ̀tọ́ yìí fún ẹni tí wọ́n mú, ọ̀ràn ńlá ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan, ọmọ Jámánì, LaGrand ni orúkọ wọn, ni wọ́n dájọ́ ikú fún ní Arizona lẹ́yìn ìpànìyàn kan lọ́dún 1982. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n lè pe kọ́ńsúlù wọn. Ọdún 1992 ni kọ́ńsúlù Jámánì tó gbọ́. Wọ́n pa àwọn méjèèjì lọ́dún 1999. Ní ọdún 2001 ni Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní The Hague wá ní Amẹ́ríkà rú òfin. Ìdájọ́ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ẹjọ́ ti kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ọmọ tó bá ń rìnrìn àjò: ẹ má dúró de ọlọ́pàá kó rán yín létí.

"Mo ń lọ ra ọjà ní Cotonou àti Lomé. Mo fẹ́ mọ̀: kí ló yàtọ̀ láàárín ẹ́ńbásì àti ilé kọ́ńsúlù? Èwo ni kí n lọ bí wàhálà bá dé?" (Oníṣòwò aṣọ, Badagry)

Iṣẹ́ ẹ́ńbásì ni ti ìjọba sí ìjọba, olú ìlú ló máa ń wà. Ti kọ́ńsúlù ni ti èèyàn: páásípọ́ọ̀tù, físà, ìwé ìbí, ìgbéyàwó, ọjà, ẹ̀wọ̀n, òkú. Ẹ wo Sàríkí ní Sábó Ìbàdàn, tí Hausa tó bá dé láti òkè máa ń wá bá tí owó rẹ̀ bá há tàbí tí ọlọ́pàá bá mú un. Bí kọ́ńsúlù ṣe rí nìyẹn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwé àṣẹ ìjọba méjèèjì ló wà lọ́wọ́ kọ́ńsúlù.

Ibi tí èèyàn wa àti òwò wa bá pọ̀ sí ni ilé kọ́ńsúlù máa ń wà. Washington ni ẹ́ńbásì wa wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n New York àti Atlanta ní ilé kọ́ńsúlù. Beijing ni aṣojú àgbà wà ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn oníṣòwò wa ló mú kí ilé kọ́ńsúlù wà ní Guangzhou. Ní ìlú tí a jọ wà nínú Commonwealth, bíi London, Hai Kọmíṣọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe ẹ́ńbásì.

Ní Cotonou, ẹ́ńbásì ni ẹ máa bá; ní Lomé, ó lè jẹ́ Hai Kọmíṣọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, torí Togo náà ti wọ Commonwealth. Ẹ wọlé, kí ẹ ní ọ̀rọ̀ kọ́ńsúlù ni ẹ bá wá, wọ́n á tọ́ka ọ́fíìsì náà sí yín. Àdéhùn ECOWAS fún yín ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, àmọ́ kò sọ pé kí ẹ má mú ìwé dání. Ẹni tó ń fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ láìní ìwé, tó wá di èrò àtìmọ́lé, kọ́ńsúlù á kọ́kọ́ máa wá ẹ̀rí pé ọmọ Nàìjíríà ni, ọjọ́ á sì máa lọ.

"Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ìwé sọ pé kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọkọ̀ ogun wá yin ìbọn sí Èkó lọ́dún 1851. Ṣé iṣẹ́ kọ́ńsúlù nìyẹn?" (Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun, tíṣà. Rárá o, kì í ṣe iṣẹ́ kọ́ńsúlù, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

John Beecroft ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1849 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í jẹ kọ́ńsúlù fún gbogbo etíkun wa títí dé Biafra, ó sì fi erékùṣù Fernando Po ṣe ibùjókòó. Ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òwò ẹrú, Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, àwọn ará Èkó lé wọn padà. Lẹ́yìn Kérésìmesì wọ́n tún padà wá, wọ́n sun apá púpọ̀ nínú ìlú, Kòsọ́kọ́ sá lọ, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn. Akítóyè tí wọ́n gbé padà sórí oyè fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852. Òwò ẹrú burú, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọba jẹ, tó ń yọ ọba, kì í ṣe kọ́ńsúlù mọ́.

Benjamin Campbell, kọ́ńsúlù tó dé lọ́dún 1853, tún fẹ iṣẹ́ náà lójú sí i. Ó gbèjà àwọn Sàró àti Àgùdà tó ń padà bọ̀ láti oko ẹrú, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ kọ́ńsúlù gidi. Ṣùgbọ́n òun náà ló ti Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, títí tí wọ́n fi lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856, tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ilé onírin tí wọ́n gbé láti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ibùgbé kọ́ńsúlù l'Ékòó. Ẹ fojú inú wo ooru ibẹ̀ lọ́sàn-án. Campbell kú lọ́dún 1859, Brand tó gba ipò rẹ̀ kú lọ́dún 1860, Foote tó tẹ̀ lé e kú lọ́dún 1861. McCoskry, oníṣòwò tó ń di ipò náà mú, ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ọdún mẹ́wàá péré ló gbà láti kọ́ńsúlù dé gómìnà.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àdéhùn Vienna dáhùn irú ìwà yìí. Abala 55 ní kí kọ́ńsúlù pa òfin ìlú tó wà mọ́, kó má sì dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn. Ìlú tó gbà á lálejò lè ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, láìsọ ìdí, yóò sì di ẹrù rẹ̀. Bí àṣẹ yìí bá wà lọ́wọ́ Dòsùnmú lọ́dún 1856, Campbell ni ì bá kúrò l'Ékòó, Tinúbú ì bá sì jókòó.

"Ṣé ọlọ́pàá lè mú kọ́ńsúlù? Ọ̀rẹ́ mi ní ilé kọ́ńsúlù jẹ́ ilẹ̀ ìlú wọn." (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin)

Wọ́n lè mú un, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá tóbi gan-an, tí ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ. Ohun tó bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ni wọn ò lè bá a ṣẹjọ́ lé lórí. Ààbò tirẹ̀ kò tó ti aṣojú àgbà ẹ́ńbásì. Ilé náà kì í ṣe ilẹ̀ Nàìjíríà, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ohun tó wà ni pé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí iná bá ń jó níbẹ̀, òfin gbà pé àṣẹ ti wà, kí panápaná wọlé. Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ọgbà náà kò torí bẹ́ẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí.

"Àbúrò mi obìnrin kú ní Manchester. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ọmọ náà ní. Àwọn ìjọba ti mú ọmọ lọ. A fẹ́ gbé òkú wálé, a sì fẹ́ gba ọmọ wa. Ta ni kí a bá?" (Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Oṣogbo)

Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tu yín nínú. Ọ̀rọ̀ òkú àti ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa bójú tó wọn nínú ẹbí, torí ti òkú máa ń gba gbogbo ọkàn, ọjọ́ ti ọmọ á sì kọjá.

Ti òkú: ilé-iṣẹ́ asìnkú níbẹ̀ ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n á forúkọ ikú sílẹ̀, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ kọ́rónà, òṣìṣẹ́ tó ń wádìí ikú níbẹ̀, pé òkú lè kúrò ní England, wọ́n á gba ìwé pé wọ́n ti fi oògùn tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì tì í sínú pósí. Ìwé wọ̀nyí pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù olóògbé ni wọ́n máa kó lọ sí Hai Kọmíṣọ́ọ̀nù wa ní London, kí apá kọ́ńsúlù tó wà níbẹ̀ lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹbí ló ń sanwó, ìjọba kì í san án. Bí olóògbé bá ní owó ní báńkì tàbí ẹrù nínú ilé, ẹ sọ fún kọ́ńsúlù pẹ̀lú, torí ó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti bá ẹbí ṣọ́ ogún ẹni tó kú sílẹ̀ àjèjì.

Ti ọmọ ló jẹ mí lógún jù. Abala 37 nínú àdéhùn kan náà ní bí wọ́n bá fẹ́ yan alágbàtọ́ fún ọmọ àlejò tí kò tíì dàgbà, kí wọ́n fi tó kọ́ńsúlù ìlú rẹ̀ létí láìfi falẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó mú ọmọ náà lọ lè má mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni, ó lè máà mọ̀ pé ẹ̀yin wà. Ẹ kọ̀wé sí kọ́ńsúlù lónìí, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ọmọ ní Manchester náà, kí ọ̀kan mọ̀ nípa ti ìkejì. Ẹ fi ìwé ìbí ọmọ, ìwé ìbí ìyá rẹ̀, ìwé ìbí tiyín tó fi hàn pé ọmọ ìyá kan náà ni yín, àti fọ́tò tí gbogbo yín jọ wà sínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ gba ọmọ náà tọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, ilé tó ń gbé, àti ilé-ìwé tí ọmọ máa lọ. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ló máa pinnu, ohun tó máa ṣe ọmọ náà lóore ni wọ́n sì ń wò. Kọ́ńsúlù lè jókòó síbẹ̀, ó lè sọ pé ẹbí wà, pé òun ti rí ìwé wọn. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́.